Ṣíbí Lẹ́nu Fikáyọ̀

Ní Inísà, wọn kì í sọ̀rọ̀ àwọn tó lè ṣiṣẹ́ kí wọ́n má dárúkọ Ọmọ́dára. Ó ń yan gàrí pẹ̀lú oyún nínú, ó ń yan án pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Gírì ló pa àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tó bí Fikáyọ̀, ó ní eléyìí kò ní í bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn àgbà ilé ti kọ́ ọ pé bí gírì bá ti pa eyín ọmọ dé, ọmọ náà lọ nìyẹn. Ṣíbí onírin kan kì í kúrò létí aṣọ rẹ̀.

Nínú ọyẹ́ ọdún 1991, ara Fikáyọ̀ gbóná. Ọmọ́dára wọ súwẹ́tà fún un, ó fi aṣọ òtútù wé e, ó sì wọ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Òkukù, kó lè tètè gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìkìrun. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ojú ọmọ fi yí. Ara rẹ̀ le, ó ń gbọ̀n.

Ọmọ́dára fún ọwọ́ ọmọ mọ́ abíyá, ó ń fi ṣíbí ya eyín rẹ̀. Ẹnì kan di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Àwọn yòókù ń pe Jésù, wọ́n ní kó má jẹ́ kí ọmọ náà kú. Eyín kan kán. Ẹ̀jẹ̀ yọ lára ṣíbí, Ọmọ́dára rò pé ikú ló dé.

Ojúọlá, nọ́ọ̀sì ará Òkukù tó jókòó lẹ́yìn, ní kí dírẹ́bà dúró.

"Ìyá ọmọ, ẹ yọ ṣíbí yẹn."

"Tí mo bá yọ ọ́, ó máa kú."

"Ṣíbí ló ń ṣe é léṣe. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kó lè mí."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ìró sí etí títì, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ lórí rẹ̀. Ojúọlá bọ́ súwẹ́tà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dì í mú mọ́.

"Kí ni kí èmi wá máa ṣe?"

"Ẹ jókòó tì í."

Ọkùnrin kan bèèrè bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń wòran ọmọ ní Òkukù. Ojúọlá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn sì ń tọ́ wọn dàgbà.

Ọmọ́dára jókòó sínú eruku, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí. Ó ti ru igi, ó ti pọn omi, ó ti rọbí. Kò sí èyí tó le tó ìjókòó yìí. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ọmọ láìṣe nǹkan kan.

Díẹ̀díẹ̀, gbígbọ̀n náà dẹ̀. Fikáyọ̀ mí kanlẹ̀, ó sunkún.

"Ó yá, ẹ wá gbé e," ni Ojúọlá wí. "Ilé ìwòsàn ló kù."

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ sùn. Ọmọ́dára ń fi ìka síwájú imú rẹ̀, ó ń yọ ọ́, ó tún ń fi í síbẹ̀, títí wọ́n fi wọ Ìkìrun.