Kò-Ṣìtẹ̀ Kó Ilẹ̀kùn, Ó Fi Ilé Sílẹ̀

Ẹni tó bá ń fi ẹnu ara ẹ̀ yin ara ẹ̀, kó ti máa wá ibi tó máa forí pamọ́ sí. Atẹ̀wé ni ọkùnrin yìí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kan tí èèyàn mẹ́rin ò lè na ẹsẹ̀ nínú ẹ̀, ó ń bá aráyé tẹ lẹ́tà, ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́. Ìka ẹ̀ yára bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Torí pé kì í tẹ nǹkan kó tún pa á rẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Kò-Ṣìtẹ̀. Orúkọ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó bẹ akunlé lọ́wẹ̀, ó ní kó bá òun kọ ọ́ gàdàgbà sí orí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ìyàwó ẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá kejì, jáde wá wò ó. "Bàbá Ọmọ, ṣé ẹ ò kúkú ní dúró kí àwọn ẹlòmíì bá yín kọ ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ bá kú?"

Ó ní kí akunlé máa kùn ún lọ.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀ ti darúgbó. Bí ẹ bá tàn án láàárọ̀, ẹ lè lọ wẹ̀, kí ẹ fọṣọ, kí ẹ sá a, kí ẹ tó dé, ó ṣì ń rò ó bóyá kóun jí tàbí kóun má jí. Nígbà tó yá, ó wá ń kọ ọ́ sójú ara ẹ̀ lójoojúmọ́ pé wọn ò ní bá òun ṣe àtúnṣe kankan mọ́, kí ẹni tó ni òun lọ ra òmíì.

Ọmọbìnrin Kò-Ṣìtẹ̀ kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní iléèwé ńlá kan ní ìlú kejì. Ó wá kí wọn, ó sì wo nǹkan náà.

"Dádì, kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ẹrù tí wọ́n gbé rù ú ló wúwo jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé Línọ́ọ̀sì sí i."

"Kí nìyẹn?"

"Ohun tó ń darí kọ̀ǹpútà látinú ni, bíi ti èyí tí ẹ ń lò, àmọ́ ó fúyẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, wọn ò fi inú ẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, kó ṣí i wò."

Kò-Ṣìtẹ̀ yínmú. "Ọ̀fẹ́? Ọ̀fẹ́ gidi wo ló tún kù láyé?"

"Afẹ́fẹ́ tí ẹ fi yínmú yẹn ńkọ́?"

Bàbá ló fún un níṣẹ́ ọwọ́, ìyá ló fún un lẹ́nu.

Kó tó lọ, ó fi Línọ́ọ̀sì yìí sórí fọ́láṣì kan, ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun máa padà wá kí àwọn jọ ṣe é. "Ohun kan péré ni kí ẹ bá mi ṣe kí n tó dé. Ẹ kó gbogbo iṣẹ́ yín sórí fọ́láṣì kejì, kí ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kí ẹ ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Torí tí eléyìí bá ti ń wọlé, ó máa gbá gbogbo ohun tó bá nílẹ̀ dànù ni o."

"Ìwọ ló máa wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kó iṣẹ́? Ta ló fi ọwọ́ ẹ lé bọ́tìnì àkọ́kọ́ tí o tẹ̀ láyé?"

"Ẹ̀yin ni, Dádì. Ẹ má bínú."

Ọmọ yìí gan-an ló yẹ kó bínú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Nínú iṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ọ̀kan wà tó ju gbogbo ìyókù lọ. Ìyá Agbẹ̀bí ló ni ín. Ogójì ọdún ni màmá yìí fi gbẹ̀bí, kò sì sí èyí tí kò kọ sílẹ̀: orúkọ abiyamọ, ọjọ́ tọ́mọ dé, bóyá orí ló fi wá tàbí ẹsẹ̀, bóyá ó ké fúnra ẹ̀ tàbí wọ́n gbá a nídìí kó tó ké. Ìwé ọmọ iléèwé mẹ́sàn-án ló kún dẹ́múdẹ́mú. Òjò wá já wọ inú àpótí tó kó wọn sí, ojú màmá náà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó kó ìwé tó rin yìí wá bá Kò-Ṣìtẹ̀. Odindi oṣù mẹ́rin, lọ́sàn-án, ló fi ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣí ewé ìwé jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bó awọ ojú egbò, ó gbé awò sẹ́nu imú, ó ń kà, Kò-Ṣìtẹ̀ ń tẹ̀. Ibi tí omi ti jẹ, á sọ ọ́ látorí. Àwọn ọmọ náà lé ní ẹgbẹ̀rin.

Nígbà tí wọ́n parí, màmá ní, "Ṣé kí n ṣì tọ́jú àwọn ìwé yìí?"

Ìwé náà ń rùn. Kò-Ṣìtẹ̀ fi ọwọ́ dí imú. "Ìyá, ẹ sun wọ́n. Ó ti wọnú kọ̀ǹpútà. Orí èèyàn ló ń gbàgbé, kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé."

Màmá sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ó kù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n dì í ní ìwé. "Tètè ṣe é o," ló ní. "Mo fẹ́ fojú mi rí i kí ojú tó ní ó dìgbà."

Kò-Ṣìtẹ̀ ò dúró de Sátidé. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní òun á ti ṣe é tán kí ọmọ òun tó dé, kí ọmọ mọ̀ pé bàbá ni bàbá ń jẹ́. Ó kó iṣẹ́. Nǹkan tí ẹlòmíì ò ní ṣe ló sì ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ọmọ ẹ̀ yìí ti to àwọn àwòrán kéékèèké sí ojú kọ̀ǹpútà fún un, kó má baà máa wá ibi tó kó iṣẹ́ sí kiri. Ó tẹ àwòrán, iṣẹ́ á ṣí. Ọfà kékeré kan wà ní ẹsẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan, tó ń tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ gangan wà. Kò-Ṣìtẹ̀ rò pé ọ̀ṣọ́ ni ọfà. Àwọn àwòrán yìí ló kó sórí fọ́láṣì, gbogbo wọn pátá. Kí ó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wọlé tán.

Iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún, ìṣẹ́jú ojú kan! Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ru ilé yín, tí ẹ gbé e tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, ṣé ẹ ò ní bojú wẹ̀yìn? Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín ni. "Ó kù dẹ̀dẹ̀ kí ẹ̀rọ yìí kú ló wá ń yára."

Ó ki fọ́láṣì Línọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ bi í pé, gbogbo ohun tó wà níbí máa pa rẹ́, ṣé o gbà? Òun tó máa ń sọ fáwọn oníbàárà pé kí wọ́n kàwé kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ pé òun gbà. Ẹ̀rọ tún bi í. Ó tún gbà.

Kí á má purọ́, nǹkan náà dáa. Kọ̀ǹpútà tó ń ronú tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí èèyàn tó jókòó. Ṣùgbọ́n kò síbi tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀ tó tún wà mọ́. Ó ṣí fèrèsé dúdú kan lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ àṣírí ẹ̀, ó kọ ọ́, kò rí ẹyọ lẹ́tà kan lójú ẹ̀. Ó lu bọ́tìnì, ó yí wọn dojú dé, ó gbọn eruku inú wọn. Kò mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ó ń kọ ọ́, kò kàn fi hàn ni. Lẹ́tà tó yẹ kó jẹ́ ojú ìwé kan di méjì, ibùwọ́lù wá dá dúró lójú ìwé kejì bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé síta. Bí oníbàárà bá wọlé, á fa aṣọ ìyàwó ẹ̀ bo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ó ń sùn ni?" oníbàárà á bi í.

"Ó ń sinmi."

Ọ̀gá tí wọ́n ń tọ̀ wá láti gbogbo àdúgbò, ó ti padà sí kíláàsì ọmọ jéléósinmi, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ rí i níbẹ̀.

Nígbà tó wá ki fọ́láṣì kejì bọ̀ ọ́ láti tẹ ìwé Ìyá Agbẹ̀bí jáde, àwòrán wà níbẹ̀, orúkọ wà lára ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ ohun tó ń wá. Ó tẹ òmíì. Bákan náà. Ó tẹ gbogbo wọn. Kò sí èyí tó ṣí.

Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ṣó pe ọmọ ẹ̀? Ó pè é lóòótọ́. Ó ní, "Má wulẹ̀ dààmú ara ẹ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ṣe é tán. Ó dùn ún lò gan-an."

Ìyá Agbẹ̀bí wá. Kò-Ṣìtẹ̀ ní íǹkì ló tán. Màmá tún wá lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin yìí ní iná ò dúró. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ẹni tó ń di ìwé rìnrìn àjò. Irọ́ kan á bí méjì, ó sì ń tẹ lẹ́tà oníbàárà lọ lórí kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni ọmọ ẹ̀ wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó Kò-Ṣìtẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é. Ìyàwó ò mọ ìdí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó mọ oúnjẹ tí ọkọ òun ń ṣẹ́ kù. Ọmọ gbé fọ́láṣì wò, ó tẹ àwòrán kan, ó tẹ òmíì.

"Dádì, ilẹ̀kùn lẹ kó. Ẹ fi ilé sílẹ̀."

"Ṣé kò sí bí a ṣe lè rí i?"

"Tí ẹ bá sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, tí ẹ ò fọwọ́ kàn án mọ́, bóyá ǹ bá rí púpọ̀ yọ nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ ti ń tẹ iṣẹ́ lé e lórí láti ọjọ́ mẹ́sàn-án." Ó gbìyànjú títí di ìrọ̀lẹ́. Kò rí nǹkan kan. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ sọ fún màmá."

"Rárá," Kò-Ṣìtẹ̀ ní. "Ìwọ kọ́ lo sọ pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé."

Ní ọjọ́ kejì, ó bá Ìyá Agbẹ̀bí nílé, nídìí fèrèsé, tó dojú kọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ṣé íǹkì ti dé?"

Orúnkún Kò-Ṣìtẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. "Ìyá, kò sí íǹkì tó tán. Kò síná tó lọ. Mo ti pa ìwé yín rẹ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́wàá."

Màmá mi orí. "Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́wàá lo ti ń pè mí ní 'Ìyá wa dáadáa'. Tẹ́lẹ̀, 'Ìyá' lásán ni mò ń jẹ́." Ó kọjú sí i. "Ó ṣe é ṣe kí ìwé sọnù. Àwọn ọmọ kan wà tí mo gbà, tí wọn ò dúró. Mo sọ fún ìyá wọn kí omi tí mo fi ṣanwọ́ tó gbẹ. Ìwọ jẹ́ kí n máa fi ojú yìí rìn wá, kí n máa kọsẹ̀ ní gọ́tà, torí kí wọ́n má baà pè ẹ́ ní aṣìtẹ̀."

Bí ilẹ̀ bá ní ẹnu lọ́jọ́ náà, Kò-Ṣìtẹ̀ ìbá bẹ̀ ẹ́ kó gbé òun mì.

"Dìde. Wá bébà. Ta ni àkọ́kọ́ nínú ìwé?"

Ó la ẹnu láti ní òun ò mọ̀, ìka ẹ̀ sì ń mì lórí itan bí ẹni ń tẹ̀wé. "Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà," ó ní. "Ọkùnrin. Ẹsẹ̀ ló fi wá."

"Ó tẹ̀lé e?"

"Ìyàwó awakọ̀. Obìnrin. Wọ́n gbá a nídìí lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta." Kò-Ṣìtẹ̀ tún sọ ìkẹta, màmá ló rántí ìkẹrin fúnra ẹ̀. Wọ́n dé ìkarùn-ún, ọkùnrin yìí ò rántí, màmá ò rántí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," Ìyá Agbẹ̀bí ní. "Kọ pé: ọmọ kan, ó wá láàyè."

Ó gba oṣù mẹ́ta. Lórí Línọ́ọ̀sì yẹn náà ló ti tẹ̀ ẹ́, kò fi aṣọ bo nǹkan kan mọ́, ó ń bi ọmọ ẹ̀ léèrè lójú oníbàárà, kò kàn lè gbójú sókè bó bá ń béèrè ni. Ibi méjì ló kó iṣẹ́ náà sí, ó sì ń ṣí i wò nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́ ní yàrá tí ìyàwó ẹ̀ ti ń ránṣọ, lórí kọ̀ǹpútà kan tí ọmọ wọn gbé síbẹ̀. Ó fẹ́ pa orúkọ orí ilẹ̀kùn rẹ́. Ìyàwó ní kó fi í sílẹ̀, kó máa wò ó.

Nígbà tí ìwé jáde, ó gbé e lé màmá lọ́wọ́. Màmá gbé e sẹ́nu imú, kò rí ju dúdú àti funfun lọ. Ó wá fi àtàǹpàkò wọn nínípọn ẹ̀, ó tún un wọ̀n.

"Ó ti rù o," ó ní.

Kò-Ṣìtẹ̀ ń wo ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."