Iyàn Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Àwo Rọ́ọ̀kì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í gbà. Bí o bá ní òjò máa rọ̀, á ní ìkùukùu lásán ni. Bí o bá ní ọbẹ̀ dùn, á bi ọ́ pé o fi wé èwo. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí kì í gbà, ọ̀kan ni èmi àti òun pẹ́ lórí rẹ̀ jù: ọdún wo ni àwọn olórin rọ́ọ̀kì gbé àwo tó dára jù lọ jáde.

Kàdúná ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Bó bá ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, àwo orin ló máa ń kún àpótí rẹ̀ ju aṣọ lọ. Orin àwọn òyìnbó onírun gígùn wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ tiwa náà sì wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń ta gìtá lẹ́yìn ogun bíi pé okùn rẹ̀ ń jó wọn lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀ ni èmi wà nígbà náà, orin ìyìn nìkan ni mo sì mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé ọ̀kan nínú wọn sórí gírámafóònù, mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ìyá wa yọjú láti ilé ìdáná.

"Ṣé ẹ̀dá Ọlọ́run ló ń ké báyẹn?"

"Ẹ̀dá Ọlọ́run ni, Màmá. Inú rẹ̀ ló ń dùn."

Kí ọlidé tó parí, èmi fúnra mi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yí àwo náà sí òdìkejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún tí ọkọ̀ kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ni àwọn àwo tó dára jù jáde. Èmi ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni, ọdún tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Ohun tí kò jẹ́ kí iyàn náà tán ni pé a kì í ka ọdún bákan náà. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí àwo ni òun ń kà. Ọdún tí àwo náà dé ilé wa ní Ìsánlú-Ìsin ni èmi ń kà, nítorí àwo tí etí mi kò tíì gbọ́, wọn kò tíì ṣe é lójú tèmi. Nígbà mìíràn, àwo kan náà ni àwa méjèèjì ń jà fún, bí èyí tí páálí rẹ̀ dúdú.

Òun á ní, "Ṣé ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ wá hàn ọ́ ni wọ́n bí i?"

Èmi á ní, "Ọjọ́ tí mo gbé e mọ́ra ni mo mọ̀ ọ́n."

Inú iyàn yìí la darúgbó sí. Òun fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Ìsánlú-Ìsin. Èmi dúró sí Òmù-Àrán níbi tí mo ti ṣe tíṣà, mo sì máa ń wọ mọ́tò lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ìyàwó wa kì í pariwo, ṣùgbọ́n igbe ló fi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀. Ọkọ mi ò lè gbé apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ wọn ò sì já gaara."

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. A gbé e lọ sí Ìlọrin. Ọlọ́run ṣàánú, a tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà tó padà wálé, ọ̀rọ̀ náà sì ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́. Èmi náà ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbà.

Mo ní ojú ọjọ́ tutù, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo yí i padà, mo ní ooru mú, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Á sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, bí àlejò tí kò fẹ́ yọ onílé lẹ́nu. Àwọn tó ń wá kí i ń sọ pé àìsàn ti sọ ọ́ di onísùúrù. Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

"Àǹtí, mo ti gbàdúrà títí pé kí ọkọ mi máa gbọ́ tèmi. Mi ò mọ̀ pé báyìí ló máa rí. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó dá wọn padà."

A di ọwọ́ ara wa mú níbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pinnu láti dán an wò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún tí wọ́n yí owó padà ni àwọn àwo rọ́ọ̀kì tó dára jù jáde." Mo ń retí kó fò mọ́ mi. Ó wò mí pẹ̀lẹ́, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Nínú mọ́tò tó gbé mi padà sí Òmù-Àrán, mo kọjú sí fèrèsé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó jókòó tì mí má baà rí omijé mi. Àdúrà tí mo gbà ni pé, "Olúwa, mi ò fẹ́ borí mọ́. Alágídí mi ni kí O dá padà fún mi."

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí iwájú ilé, ìyàwó rẹ̀ ń dín àkàrà lẹ́yìn. Mo rò ó pé bó bá jẹ́ pé gbígbà nìkan ló kù láàrin wa, kó jẹ́ èmi ni màá gbà fún un. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, òun ni àgbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rò ó dáadáa. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ọdún tí ọkọ̀ bọ́ sápá ọ̀tún ló dára jù."

Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbójú sókè.

"Kí ló dé?"

"Kí ló dé báwo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kí ló dé tí o fi gbà?" Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. "Àwo wo... lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ àwo kankan. Mo kàn rò ó ni."

"Irọ́. Àánú mi ló ń ṣe ọ́." Ó fi ọwọ́ òsì lu apá àga. "Àwo páálí dúdú yẹn... ọdún wo ló dé ilé yìí?"

"Ọdún owó ni. Ṣùgbọ́n ọdún tó ṣáájú ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló gbọ́ ọ lọ́dún tó ṣáájú? Ìwọ gbọ́ ọ? Màmá gbọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ mi ló gbà lẹ́nu mi tó fi ń bá mi jà! Kàkà kó bá mi gbà, ó fi ọdún tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń gbèjà tèmi. Èmi náà kò dá a sí. Mo ní ẹ̀yìn páálí ni ẹ̀rí wà. Ó ní páálí kì í kọrin. Ohùn wa ti lọ sókè nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sáré yọ, epo ń kán láti ara ṣíbí tó dì mú.

"Àǹtí, ta lẹ ń bá jà?"

"Ọkọ rẹ ni."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, "Àkàrà yẹn ti ń jóná."

"Kò jóná," ni ìyàwó wa wí, ó sì ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó ń jóná! Ṣé imú mi náà... ló ṣàìsàn ni?"

Ìyàwó wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń pe Jésù. Àkàrà náà sì jóná lóòótọ́. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìjọ tiwọn ni mo lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí pásítọ̀ pe àwọn tó ní ọpẹ́, mo dìde, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi, ẹ̀gbọ́n mi ti pè mí ní òpùrọ́. Àwọn ará ìjọ ń wo ara wọn, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ òsì sókè níbi tó jókòó sí.

"Mi ò pè é ní òpùrọ́. Mo ní... irọ́ ló pa."

Mo ní kí ni ìyàtọ̀. Ó ní ìyàtọ̀ wà. Pásítọ̀ ní kí àwọn akọrin gbé orin ọpẹ́, gbogbo ìjọ sì dìde. Àwa méjèèjì ṣì ń bá a lọ nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kejì.