Kí Ọmọ Tó Sùn

Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ta ni kí ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wí fún? Kò gbọdọ̀ kúrò níbi iṣẹ́ títí ẹ̀rọ yóò fi sọ àwọn oògùn tó kù díẹ̀ kó tán. Ẹ̀rọ ọ̀hún a sì máa wò ó ràn-ìn, bí ẹni tí wọ́n fipá rán níṣẹ́. Kó tó dáhùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti sùn nílé.

Nítorí náà, bó bá ti rán ẹ̀rọ níṣẹ́ tán, á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á pe ìyàwó rẹ̀, á ní kó gbé fóònù sí ọmọ létí. Ibẹ̀ ló ti ń sọ ìtàn fún un. Bí ìtàn bá parí, ọmọ á béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ máa dé?" Òun náà á ní, "Mò ń bọ̀." Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ gan-an.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, apoògùn ilé ìwòsàn náà sọ fún un pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun."

Ọkùnrin náà fèsì pé, "Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà tá a ní kó gbà ló jìn."

Òótọ́ ni. Wọ́n ti to àkọsílẹ̀ oògùn ní déètì-déètì, kí ẹ̀rọ lè bọ́ sí ti oṣù yìí tààrà. Àmọ́ ẹni tó kọ ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹ̀rọ ní kó kọ́kọ́ tún gbogbo déètì kọ lọ́nà mìíràn kó tó wò wọ́n. Títò dòfo. Ẹ̀rọ wá ń ṣí gbogbo àkọsílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, látọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀. Ta ló kọ ọ́? Òun fúnra rẹ̀ ni. Àfọwọ́fà pátápátá!

Ó yọ àṣẹ yẹn kúrò, ó ní kí ẹ̀rọ wo déètì bó ṣe wà. Kó tó gbé ife tíì dẹ́nu, èsì ti dé. Apoògùn yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó ní ó pé.

"Ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ lọ wo bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń rí," ló fi dápàárá.

Ọmọ ò tíì sùn nígbà tó délé. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

"Kì í ṣe báyẹn," ọmọ wí. Ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ó fi sétí, ó kọjú sí ògiri, ó ń dúró. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kí ni kí bàbá ṣe? Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó pe fóònù náà. Omi lé ròrò sójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ìtàn náà títí tó fi parí.

"Ìgbà wo lẹ máa dé?" ọmọ béèrè.

"Mò ń bọ̀" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mo ti dé," ló wí, ó sì ṣílẹ̀kùn.