Oko tí Mùtíátù Fojú Yàn

Ọ̀rọ̀ Mùtíátù ṣì ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Aládùúgbò mi ni ní Zongo. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ọdún kẹta tí ìlú gba òmìnira ni ọkọ rẹ̀ kú, ó fi òun àti Mùnírù, ọmọ ọdún mẹ́rin, sílẹ̀. Àràmọ́tù, ìyáálé rẹ̀, ń gbé ní Banikanni; àwọn ọmọ tirẹ̀ ti lọ sílé ọkọ.

Sàrúmì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, pín oko tó wà lẹ́yìn àdúgbò Albarika sí méjì fún àwọn opó náà. Ọ̀pá kan náà ló fi wọ̀n ọ́n: ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá mẹ́tàlá. Ọ̀kan gún régé, èkejì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí odò. Ó ní kí Mùtíátù yàn. Bí iṣu rẹ̀ bá tó òun àti ọmọ jẹ di iṣu tuntun, Mùnírù á dúró tì í. Bí kò bá tó, Àràmọ́tù ni yóò tọ́ ọ.

Mùtíátù dúró ní igun ṣóńṣó oko tó tẹ̀, ó rí i pé ilẹ̀ náà lọ réré. "Èyí ni mo fẹ́!" Inú rẹ̀ dùn pé òun ti gbọ́n ju ìyáálé òun lọ. Haba! Ojú ló tàn án jẹ.

Nígbà tí ebè rẹ̀ kò pọ̀ tó ti Àràmọ́tù, ó pe Tìjáànì, ọkọ mi, tó ń bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́. Tìjáànì wọn oko náà láti igun dé igun: mẹ́rìnlélógún ní òró, mẹ́wàá péré ní ìbú.

"Lósáńjì làwọn ọ̀gá mi ń pe irú èyí, Ìyá Mùnírù. Wọ́n á fi òró ṣe ìlọ́po ìbú, wọ́n á pín in sí méjì. Ọgọ́fà ni tìrẹ. Ti ìyáálé rẹ, mẹ́tàlá lọ́nà mẹ́tàlá, lé ní ọgọ́jọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀gbẹ́ wọn dọ́gba?"

"Ó dọ́gba. Inú wọn ni ò dọ́gba."

A tọ Sàrúmì lọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. "Mo gbà pé ó kéré. Ta ló yàn án? Àfọwọ́fà ni." Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n bú àgbà.

Mùtíátù ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kí iṣu lè tó, síbẹ̀ iṣu tán kí tuntun tó dé. Àràmọ́tù fúnra rẹ̀ ló wá mú ọmọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú o; ẹ̀yìn ló pọ̀n ọ́n sí lọ.

Nígbà tí Iléyá ọdún kejì dé, Mùnírù gbé abọ́ ẹran wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ìyá mi ní kí n gbé e wá fún yín."

Mùtíátù gba abọ́ náà. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ."