Ogójì Bẹ́ẹ̀ Ni Nínú Agolo Mílíìkì

Ànú Ọlágòkè, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tú àwọn ìwé inú agolo mílíìkì kan sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní àdúgbò Anglo Jos lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rí i pé ogójì ènìyàn ló dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè karùn-ún. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní rárá. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí ni pé irọ́ ni ìbéèrè karùn-ún. Ó ń béèrè bóyá ẹni náà ti gbọ́ nípa ètò Omi Àlàáfíà, èyí tí wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ gbé dé ojúlé dé ojúlé lọ́dún tó kọjá. Kò sí ètò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ànú fúnra rẹ̀ ló jókòó hun ún. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì dá lórí bí ojú ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ṣe máa ń yí ìdáhùn ẹni tí wọ́n ń bi padà. Ó pín ọgọ́rin Yorùbá tó ń gbé Jos sí ọ̀nà méjì. Ogójì àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó tì wọ́n, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ó ń kọ ohun tí wọ́n sọ. Ogójì kejì gba ìwé, wọ́n dá kọ ọ́ láìfi orúkọ sí i, wọ́n sì sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì tí ó lu lójú lókè. Ta ni yóò wo ọmọ tó kúnlẹ̀ kí i, tí yóò ní òun kò gbọ́ nǹkan kan rí? Ṣùgbọ́n agolo kò lójú, kò sì mọ ọmọ ẹni kankan. Èrò Ànú ni pé òtítọ́ yóò yá wọn lẹ́nu fún agolo.

Nínú àwọn tí ó wojú wọn bi, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ní àwọn ti gbọ́ nípa Omi Àlàáfíà. Ó retí pé àwọn ti inú agolo kò ní ju mẹ́wàá lọ. Ogójì ni agolo bí.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni difẹ́ǹsì rẹ̀, ọjọ́ tí yóò dúró níwájú olùkọ́ mẹ́ta láti gbèjà ohun tó kọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan nínú ẹ̀ka wọn gbé àbọ̀ tí orí àti ìdí rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni wá. Wọ́n ní kó padà lọ tún un ṣe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lọ sìnrú ìlú, wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ti kọ́kọ́ gbé ọdún kan lọ mọ́ Ànú lọ́wọ́. Kò ní òmíràn tí yóò fi tọrẹ.

Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta ló rí ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé kan, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà àtijọ́, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán: "Ọmọ wa, Olúwa yóò gbé ọ ga. A ti kọ ọ́ bí màmá rẹ ṣe ní ká kọ ọ́. Èmi ni, Ìbíkúnlé, Alága."

Ànú mọ Bàbá Ìbíkúnlé dáadáa. Òun ni alága ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sì yé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ibà dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe ìpàdé, màmá rẹ̀ sì ní òun yóò bá a gbé agolo náà lọ. Ó dúpẹ́, ó padà sùn. Nígbà tó dìde, ó kọ ọ́ sí orí kẹta iṣẹ́ rẹ̀ pé olùwádìí fúnra rẹ̀ ló pín gbogbo ìwé. Kò kà á sí irọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú rẹ̀.

Ìyáàfin Theresa Ọlágòkè, màmá rẹ̀, jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni bàbá tó bí màmá náà pẹ̀lú. Èkìtì ni wọ́n ti gbé bàbá náà wá sí Jos, kò sì padà. Èdè Hausa já gaara lẹ́nu Ànú ju Yorùbá lọ, nítorí náà màmá yìí ló bá a tú àwọn ìbéèrè náà sí Yorùbá. Ó ń fi ọ̀bẹ bẹ pòtétò ní kíṣìnnì nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Mọ́mì, kí lẹ sọ fún wọn nípàdé?"

"Mo ní iṣẹ́ àṣejáde ọmọ wa ni. Mo ní kí wọ́n ṣàánú wa, kí ẹnikẹ́ni má kọ rárá síbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń máàkì ìwé, Ànú. Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ ní ohun tí rárá ń ṣe fún ọmọ?"

Ànú ní ètò náà kò sí, pé òun ló pa á nírọ́ láti fi wo ẹni tí yóò ní òun mọ̀ ọ́n. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ màmá rẹ̀.

"O wá kó àgbà ogójì jọ, o ń parọ́ fún wọn?"

"Irọ́ tèmi wà nínú ètò iṣẹ́, Mọ́mì. Tiyín ni kò sí níbẹ̀."

 Màmá rẹ̀ bẹ pòtétò kan náà títí tí kò fi ku nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì Ànú lọ bá Rùkáyyàh, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ní ọjà Farin Gada, níbi tí ìyá Rùkáyyàh ti ń ta àlùbọ́sà. Rùkáyyàh tẹ́tí sí i tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Ànú. Ogójì ìwé péré? Ká tẹ òmíràn. Ìwọ mú bírò dúdú, èmi á mú búlúù. Kí wọ́n tó palẹ̀ ọjà mọ́, àwọn àgbà ẹ ti dáhùn bó ṣe yẹ." Ó fi kún un pé òun lè kọ̀wé bí arúgbó, kódà bí arúgbó tí kò rí iná.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n jókòó sórí àpò àlùbọ́sà, wọ́n ń kọ ìdáhùn sí i. Ànú ti kọ mẹ́rin nígbà tó wò wọ́n lápapọ̀: rárá, rárá, bẹ́ẹ̀ ni, rárá. Ìdáhùn tí Dókítà Pam, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, yóò fẹ́ràn láti rí gan-an ni. Ó gbìyànjú láti kọ ìkarùn-ún. Òórùn àlùbọ́sà ń ta á lójú. Ó kó gbogbo rẹ̀, ó fà á ya. Rùkáyyàh ní kó má ya tòun, pé òun ti ṣe wàhálà lórí ọwọ́ ìkọ̀wé arúgbó yẹn. 

Ní ọjọ́ Ajé, láti aago mẹ́jọ ni Ànú ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Dókítà Pam ní ọgbà yunifásítì tó wà ní Bauchi Road. Ọyẹ́ mú, síbẹ̀ ó ń làágùn nínú súẹ́tà. Lẹ́ẹ̀mejì ló rìn dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń kó èrò, lẹ́ẹ̀mejì ló padà. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, gbogbo ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ibà, agolo, ìpàdé, màmá rẹ̀, àti gbólóhùn inú orí kẹta. Kò dárúkọ Rùkáyyàh. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé èké, ṣùgbọ́n òun ti ya wọ́n.

Dókítà Pam ṣí orí kẹta, ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbólóhùn náà. Ó béèrè ìwé Bàbá Ìbíkúnlé, ó ní kí ó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún òun. 

"Ṣé agolo náà ló mú kí wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀," ó bi í, "àbí ẹni tó gbé agolo?"

Ànú ní ẹni tó gbé e ni.

Dókítà Pam ní kí ó yọ ogójì náà kúrò nínú iye tó kà, kí ó tún gbólóhùn yẹn kọ, kí ó sì fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí ó fi ẹ̀dà ìwé alága mọ́ ọn, kí ó gé orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó ní ìdajì ìdáhùn péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, òun kò sì lè ṣèlérí bí àwọn olùkọ́ méjì yòókù yóò ṣe gbà á. Ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ràn àwáwí.

Lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó parí ojú ìwé méjì náà. Màmá rẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó gbé e kọ́, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó fẹ́ tẹ̀ lé e lọ, ó ní òun yóò jókòó sí ìta, òun kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Tí wọ́n bá wá pè mí wọlé ńkọ́," ó ní, "kí ni wọ́n ń fẹ́ kí n sọ?"

Ànú ní òun kò lè sọ ọ́ fún un.

Ní ọ̀la, Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Ànú ni orúkọ kejì lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ka wọn.