Pẹ́ńsù Etí Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Pẹ́ńsù kì í kúrò létí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń tún rédíò ṣe n'Ísundunrin, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ̀wé. Bí ohùn rédíò bá ń já, wọ́n á fi pẹ́ńsù kun ibi tó ti họ nínú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Èédú inú pẹ́ńsù yìí ni iná ń tẹ̀ rìn."

Lẹ́yìn Mọ̀gáríbì, wọ́n á fi pẹ́ńsù kun inú rédíò tiwọn, wọ́n á máa wá ètò ìkíni láti Abíjàn, níbi tí ọmọ wọn wà. Ìgbì rédíò méjì á pàdé, ìkan á bo èkejì, a ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín kọ lẹ́tà."

"Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ẹ̀yìn ìsìnkú wọn lọmọ náà dé. Ó ní, "Ṣé wọn ò tiẹ̀ wá mi ni?"

Mo fi pẹ́ńsù náà lé e lọ́wọ́. Ó ti kúrú tán, kò sì kọ lẹ́tà kankan rí.