Bàbá Abọ́dúnrìn Tó Fa Àgbò Wọ Kíláàsì

Bí ẹ bá dárúkọ Bàbá Abọ́dúnrìn fún àwọn tó bá a kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbà, àgbò ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.

Lọ́dún 1991 ni. Àwọn èèyàn kan láti Òjó àti Okokomáìkò yọ̀ǹda ara wọn pé àwọn fẹ́ máa kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà láwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé wà nínú ọlidé, wọ́n kó àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn yìí jọ sínú kíláàsì kan ní Ìbà kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Ìyáàfin Christiana Ọ̀ṣunbíyìí ni olùkọ́ wọn. Bàbá Abọ́dúnrìn, dẹ́rẹ́bà ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì sí Igbó-Elérin, ló dàgbà jù nínú wọn, ẹnu rẹ̀ ló sì le jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyáàfin Ọ̀ṣunbíyìí ní kí kálukú mú ohun tí ará abúlé mọ̀ dáadáa wá, kó fi kọ́ lẹ́tà kan. Àwọn yòókù ya àwòrán wá. Bàbá Abọ́dúnrìn fa àgbò wọlé. Ó yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Alábà Ràgó, àgbò ńlá tí kò gba ìranù. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀gá Àjàyí, tó ń darí ètò náà, wá láti ọ́fíìsì, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì.

“A!” Bàbá Abọ́dúnrìn kígbe. “A, àgbò!”

Àgbò gbójú sókè, ó rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ó rò pé àgbò mìíràn ló ń wo òun níwòkuwò. Ó fà sẹ́yìn, ó dorí kodò, ó gbéra. Ọ̀gá Àjàyí rò pé òun ló ń bọ̀ wá bá, ó bá gba ojú fèrèsé jáde. Gíláàsì fọ́ yángá.

“Bàbá! Kí lẹ ṣe yìí?” Ìyáàfin Ọ̀ṣunbíyìí bi í láti orí tábìlì tó sá gùn.

“Ẹ ṣe sùúrù, Tíṣà. Ẹ bi wọ́n ní lẹ́tà tí mo kọ́ wọn.”

Gbogbo kíláàsì dáhùn láti orí àga wọn pé, “A!” Láti ìta, àwọn èèyàn ń gbọ́ ohùn Ọ̀gá Àjàyí: “À! À! Àà!”

“Ẹ ò rí i?” ni Bàbá wí. “Ọ̀gá náà ti mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n kìlọ̀ fún un. Ìyáàfin tún bá a wí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, pé akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ ju olùkọ́ lọ. Nígbà tó tún kàn án láti kọ́ni, Bàbá dúró níwájú, ó ká ọwọ́ lẹ́rán, kò sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ wo ojú ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ló ṣe é. Ẹnì kan ní ó ń ṣàìsàn, ẹlòmíì ní inú ló ń bí i, ariwo bá sọ. Nígbà tí àkókò pé, Bàbá fi dọ́sítà nu bọ́ọ̀dù tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

“Bàbá, kí lẹ wá kọ́ wọn báyìí?”

“Ẹ máa bi wọ́n, Tíṣà. Àwọn ni wọ́n sọ̀rọ̀.”

Èyí tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ni ti ọjọ́ tí wọ́n ní kó ṣe bí àgbàlagbà abúlé tí kò fẹ́ kàwé, kí Adébímpé, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ onítìjú, máa rọ̀ ọ́. Adébímpé ní ìwé dára. Bàbá ní òun ti jẹun láìmọ̀wé. Adébímpé ní yóò lè ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀. Bàbá ní ọmọ òun kì í kọ lẹ́tà, ó máa ń wá ni. Wọ́n fà á títí omi fi lé sójú ọmọbìnrin náà. Ìyáàfin ní ó tó, eré ti parí.

“Kò tíì parí,” ni Bàbá wí. “Mi ò tíì gbà. Kò sì bi mí ní ohun tó wù mí kà.”

Adébímpé nu ojú. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wù yín kà?”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Mú ìwé wá.”

Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́, Ọ̀gá Àjàyí pín wọn sí abúlé. Kò pe orúkọ Bàbá Abọ́dúnrìn. Ó ní kí bàbá alágbò máa lọ sílé ná, àwọn yóò ránṣẹ́ pè é. Ìyáàfin Ọ̀ṣunbíyìí la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Ó rò pé tí inú ọ̀gá bá rọ̀, òun yóò bá a sọ ọ́. Bàbá ṣáà tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní, “Kò burú, Tíṣà. Ilé lẹ máa bá mi.”

Inú ọ̀gá kò tètè rọ̀. Òjò dé, òjò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán sí abúlé tó jìnnà jù sá padà, ó ní ẹ̀fọn pọ̀. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Àjàyí rántí bàbá alágbò. Ìyáàfin àti Adébímpé mú ọ̀nà Igbó-Elérin pọ̀n, inú wọn ń dùn. Wọ́n bá àwọn èèyàn lórí ẹní níwájú ilé. Wọ́n ti sin Bàbá Abọ́dúnrìn lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá.

Ràbíátù, ìyàwó olóògbé, ló fa Ìyáàfin Ọ̀ṣunbíyìí jókòó.

“Ẹ̀yin ni Tíṣà tí ọkọ mi máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi? Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù omi ń bà á? Kò lè gun ọkọ̀ ojú omi rárá. Ó wá ń lọ sí etí omi ní Òjó, ó ń jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, ó ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìjókòó. Ọlọ́kọ̀ ní, ‘Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ lọ.’ Ó ní, ‘Máa lọ, ṣùgbọ́n má tú okùn yẹn!’”

Gbogbo àwọn tó wà lórí ẹní rẹ́rìn-ín. Ràbíátù náà rẹ́rìn-ín, ó wá fi gèlè nu ojú. “Ó ní kó má di pé ẹ pe òun kí òun má lè lọ.”

Ìyáàfin Ọ̀ṣunbíyìí fúnra rẹ̀ ló lọ sí abúlé náà. Ní etí omi Òjó, ọlọ́kọ̀, ará Ègùn kan tó ń jẹ́ Hùnsù, rí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tíṣà ni yín? Bàbá kan ńkọ́, tó máa ń di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bí ẹni pé ó fẹ́ fò? Mi ò rí i mọ́.”

Ìyáàfin sọ fún un pé Bàbá ti kú. Hùnsù fi àjẹ̀ lélẹ̀, ó wo omi títí.

“Ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ síbí.”

Ìyáàfin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: Abọ́dúnrìn. Wọ́n tú okùn. Kí wọ́n tó dé òdìkejì, omi ti fọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí Ìyáàfin rí i, tó fẹ́ wá ṣọ́ọ̀kì nínú báàgì, Hùnsù mi orí.

“Ẹ fi sílẹ̀,” ló wí. “Mo ti mọ ibi tó máa ń jókòó sí.”